Bí Eustáquio Ṣe Kú Lẹ́yìn Aṣọ Funfun

Ohùn ló ń bọ́ Eustáquio kí sinimá tó dé Rio. Bó bá sọ̀rọ̀ lórí ìtàgé, ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá á rò pé etí òun ló ń sọ ọ́ sí. Ojú rẹ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni ò yìn rí, nítorí imú rẹ̀ tóbi. Nígbà tí Ọ̀gá Gaudêncio tó ni ilé sinimá wá ní kó ṣeré nínú sinimá, inú rẹ̀ dùn bíi ti ọmọ tí wọ́n ra bàtà tuntun fún.

"Zulmira, ojú mi ni wọ́n fẹ́ wò báyìí o!" ló wí fún mi.

"Ẹ rọra o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má fi imú ya aṣọ sinimá wọn."

Sinimá ìgbà náà kò lóhùn. Àwa tí wọ́n ya àwòrán wa la tún ń dúró lẹ́yìn aṣọ funfun tí àwòrán ń hàn lójú rẹ̀, tí à ń sọ̀rọ̀, tí à ń kọrin, kó lè bá ètè wa tó ń mì lójú aṣọ mu. Ẹnikẹ́ni ò rí wa, nítorí náà ṣòkòtò ìsùn ni Eustáquio máa ń wọ̀ wá, á sì ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná nínú bàsíà.

Àfi bí Ọ̀gá Gaudêncio ṣe ra giramafóònù tó máa rọ́pò ohùn wa.

"Ọ̀sán Sọ́ńdè yìí lẹ máa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn," ló wí.

"Ṣé ẹ̀rọ yẹn mọ ẹkún sun ni?" Eustáquio bi í.

"Kì í jẹun, kì í sì í jiyàn."

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Àwọn ilé ìtàgé ti ṣófo. Ó ku kí Eustáquio padà sí ìlú rẹ̀ ní Campos, kó lọ máa da màlúù tó ń yí ẹ̀rọ níbi tí àbúrò rẹ̀ ti ń fún ìrèké. Ó ń ṣàwàdà, àmọ́ kọfí rẹ̀ tutù sínú ife. Ó dùn mí wọra.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè náà, ilé kún. Nínú eré náà, Eustáquio ni bàbá tó lé ọmọ rẹ̀ obìnrin jáde, tó wá ń pè é lójú ikú. Èmi ni ọmọ. Bó bá ti dé ibi ikú, ojú dídì ló fi ń sọ ọ́, ó ní ẹni tó ń kú kì í wò kiri. Bó ṣe dijú báyìí, fíìmù já. Aṣọ funfun ṣófo. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Eustáquio rò pé bàbá burúkú inú eré ni wọ́n ń bú, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Mo na ọwọ́ láti fi kàn án, kó lè mọ̀ pé fíìmù ti já.

"Ọmọ mi," ló ní, "ilẹ̀kùn ò tì o. Wọlé."

Ìfé dákẹ́ lójijì. Mo fa ọwọ́ mi padà, mo sì dá a lóhùn. Títí tó fi kú, ìró àwọn tó ń fọn ikun nìkan là ń gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ilé ru.

"Ẹ jẹ́ kó jáde! Ẹ jẹ́ á rí i!"

Ó jáde pẹ̀lú ṣòkòtò ìsùn, omi ń kán tótó lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún. Ọ̀gá Gaudêncio fúnra rẹ̀ ń nu ojú.

"Lọ́la ni màá dá giramafóònù yẹn padà," ló ní.

Eustáquio di ọwọ́ mi mú.

"Zulmira, o rí ojú mi lójú aṣọ? O rí bó ṣe pa wọ́n lẹ́kún?"

Ọ̀gá Gaudêncio fẹ́ lanu. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Mo rí i, ẹ̀gbọ́n," ni mo wí. "Kò sí irú ojú yín ní gbogbo Rio."