Àlọ́ Tí Mo Gé Kúrú

Kì í ṣe pé mo ń fọ́nnu o, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Ìbàdàn, kò sì sí ọmọ tí mo pa àlọ́ fún tó sùn lọ kí n tó parí. Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn nígbà tí Adébùnmí ọmọ mi, nọ́ọ̀sì tí mo wá bá gbé ní Lake Arbor nílẹ̀ Amẹ́ríkà, sọ fún mi pé jẹ́lé-ó-sinmi tí ọmọ rẹ̀ ń lọ ní Mitchellville ń wá ìyá àgbà tí yóò máa wá sọ ìtàn fún àwọn ọmọ. Miss Stephanie, obìnrin tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà, ní kí n wá lẹ́ẹ̀kan ná. Bí ó bá dára, kí n máa wá ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Mo fẹ́ iṣẹ́ yẹn ju bí mo ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ lọ. Ní àdúgbò tí ẹni tí kò bá ní mọ́tò kò ti lè ra iyọ̀, ògiri ni mo ń bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Bí a ṣe ń lọ nínú mọ́tò ní ọjọ́ Ẹtì náà, Adébùnmí bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi lófin.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú ìyà wọ inú story yẹn o. Wọn kì í fìyà jẹ ẹnikẹ́ni nínú ìtàn ọmọdé níbí. Ẹ ṣáà jẹ́ kó happy."

"Ìjàpá wo lo gbọ́ pé ó happy rí?"

"Màmá!"

"Mo ti gbọ́."

Mo gbọ́ lóòótọ́, àṣìṣe mi sì nìyẹn.

Ọmọ méjìlá ló jókòó yí mi ká. Adérìnsọ́lá ọmọ-ọmọ mi, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, gbé àyà síwájú bí ẹni pé òun ló bí mi. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi pa àlọ́ náà, Yorùbá ni mo fi kọ orin rẹ̀. Mo ní àwọn ẹranko jọ dá oko kan, wọ́n sì jọ ń ro ó. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ iṣẹ́ bá ti pé, Ìjàpá á di ikùn mú, á dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò àsáró tí gbogbo wọn fẹ́ jẹ lọ́sàn-án, á wá gbé orin:

"Inú ń run mí o, n ò lè roko."

"Pẹ̀lẹ́ o, Ìjàpá."

"Ẹ máa lọ, ẹ fi mí síbí o."

"Pẹ̀lẹ́ o, Ìjàpá."

Mo kọ́ àwọn ọmọ ní ègbè yẹn. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi ń gbè é, títí kan Jesse, ọmọ pupa kan tí àwọn òbí rẹ̀ kò mọ Ìbàdàn yàtọ̀ sí Èkó. Mo ní àwọn ẹranko káàánú Ìjàpá, wọ́n gba oko lọ, òun sì jẹ àsáró náà tán pátápátá. Ibẹ̀ ni òfin Adébùnmí sọ sí mi lọ́kàn. Mo gbé ìyókù mì, mo ní, "Inú Ìjàpá sì dùn." Wọ́n pàtẹ́wọ́, Miss Stephanie náà pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan ni ara mi kò balẹ̀, nítorí ìparí àlọ́ ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà, mo sì ti gé e sọnù.

Ọjọ́ Ajé ni ọ̀rọ̀ bẹ́. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ kó ohun ìṣeré wọn jọ, ni ọmọ kan bá di ikùn mú, inú ń run òun. Kí olùkọ́ tó yíjú padà, ọmọ méje ti nà gbalaja sílẹ̀, wọ́n ń kérora. Ní ilẹ̀ yìí, bí inú bá run ọmọ kan nílé ẹ̀kọ́, wọ́n á pe ìyá rẹ̀ kó wá mú un. Bó bá wá di méje, àjàkálẹ̀ àrùn dé nìyẹn. Adébùnmí fi àwọn aláìsàn sílẹ̀ ní ọsibítù, ó sáré dé, ó sì bá ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ bisikíìtì. Ó tẹ̀ ẹ́ níkùn síhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, kò rí nǹkan kan. Ibẹ̀ ni Jesse ti ń kọrin nílẹ̀ tó sùn sí: "Pẹ̀lẹ́ o, Ìjàpá."

Miss Stephanie bi wọ́n títí pé ta ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́. Ó pè mí lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní ìtàn mi dùn, ṣùgbọ́n irọ́ ló kọ́ àwọn ọmọ, kí n má ṣe ìyọnu láti padà wá.

Irọ́! Èmi, Mọ̀nsúrát, tí mo fi àlọ́ kọ́ ọmọ ní òótọ́ láti ìgbà èwe mi!

"Màmá, ẹ kó ìtìjú bá mi," ni Adébùnmí wí.

"Ọbẹ̀ tí o ní kí n má fi iyọ̀ sí, o tún ń bínú pé kò dùn? Ta ló ní kí n yọ ìyà kúrò?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ẹ pa àlọ́ yẹn fún mi rí. Gbogbo ọdún tí mo ti fi ṣiṣẹ́ níbí, mi ò call in sick rí láìṣàìsàn. Mo máa ń rántí àgbo tí Ìjàpá mu níparí ẹ̀." Ó gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ wò. "Mo máa gbé yín lọ ní Friday. Ẹ lọ parí ẹ̀."

Nígbà tí a dé ibẹ̀, Miss Stephanie ká apá mọ́ àyà lẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ fún un pé kì í ṣe àlọ́ tuntun ni mo gbé wá, iṣẹ́ tí mo fi sílẹ̀ láìparí ni. Ó wo ojú Adébùnmí, ó wo aago, ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré.

Mo jókòó. Mo ní Òkété rí epo àsáró lẹ́nu Ìjàpá, ó sì sọ fún àwọn yòókù. Wọn kò nà án, wọn kò bú u. Wọ́n kàn ń dúró de ìgbà iṣu tuntun ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n gúnyán, tí Ìjàpá na ọwọ́ sí i, Erin di ọwọ́ náà mú: "Háà! Ìwọ tí inú ń run! Àgbo la sè dè ọ́." Ẹranko kọ̀ọ̀kan sì gbé ife àgbo tirẹ̀ wá, ọ̀kan korò ju èkejì lọ. Bí Ìjàpá bá ti gbé ọ̀kan mì, wọ́n á kọ ọ́ lórin. Àwọn ọmọ ti mọ ohun tó kàn. Wọ́n fún ojú pọ̀ bí ẹni tó gbé àgbo sẹ́nu, wọ́n ké e: "Pẹ̀lẹ́ o, Ìjàpá!" Miss Stephanie pàápàá rẹ́rìn-ín, kò mọ ìgbà tí apá rẹ̀ tú.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, mo bi wọ́n ní ìbéèrè tí mo máa ń bi àwọn tèmi ní Ìbàdàn: kí ni a rí kọ́?

Adérìnsọ́lá ló dìde.

"Grandma, èmi ni. I was first. Inú ò run mí."

Jesse ní, "Me too." Ẹlòmíràn dìde, òmíràn tún dìde, títí tí àwọn méjèèje fi dúró síwájú olùkọ́ wọn.

Miss Stephanie bi mí bóyá mo lè máa wá ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Mo ní màá wá, ṣùgbọ́n n kò ní gé àlọ́ kankan mọ́. Ó ní kí n má gé e.

Orí mi wú, n kò sì ní purọ́, omi bọ́ lójú mi. Mo gbé ọmọ-ọmọ mi lé ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ tí àwọn baba ńlá wa ti ń pa àlọ́ Ìjàpá, òun fúnra rẹ̀ kò jẹ́wọ́ rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ-ọmọ mi jẹ́wọ́.