Agnes Kò Ṣe Àmín

Kò sí ẹjọ́ tí ayálégbé lè gbé wá bá Bàbá Ògúnníyì, tó ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Isíkàn, l'Ákúrẹ́, tí Bàbá kì í fi àdúrà parí. Wáyà iná ti bó? "Iná kò ní jó wa." Kànga kò ní ìdérí? "A ò ní fi ọmọ ṣòfò." Bí ayálégbé bá ti ṣe àmín báyìí, ẹjọ́ tán nìyẹn. Bàbá á wọ sálúbàtà rẹ̀, á máa lọ.

Agnes, òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá láti Ọ̀wọ̀, ló ń gbé lókè. Irin fàrándà rẹ̀ ti dípẹtà tán nísàlẹ̀, ó sì ń mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Òun náà ti ṣe àmín sí i rí. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ń bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ìyá náà kò ríran dáadáa mọ́, kì í sì í rìn láìfara ti nǹkan.

Ó tún ránṣẹ́ pe Bàbá nítorí irin náà. Bàbá gòkè wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Agnes, ọmọ mi, ẹnikẹ́ni kò ní já bọ́ nínú ilé yìí."

Agnes ń wo irin fàrándà.

"Mo ní ẹnikẹ́ni kò ní já bọ́."

"Mo gbọ́, sà."

"Àmín ńkọ́?"

"Mo ṣì ń rò ó, sà."

Èyí rú Bàbá lójú. Láti ìgbà tó ti kọ́ ilé, ẹnikẹ́ni kò rò ó rí. Ó ké sí Nímọ́tà, ayálégbé ìsàlẹ̀, tó ń dáná lábẹ́ fàrándà náà: "Ìyá Sherifat, bá wa ṣe àmín!"

"Sí kí ni, Bàbá?"

"Sí irin òkè."

"Èyí tí ìpẹtà rẹ̀ ń bọ́ sínú ìkòkò mi? Ẹ má kó mi sí i o!"

Agnes rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bóyá àdúrà náà kì í débẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ bọ́ síta, ẹ fẹ̀yìn ti irin náà, kí ẹ tún un gbà. Màá ṣe àmín tí wọ́n á gbọ́ ní Ilú-Àbọ̀ lọ́hùn-ún."

Bàbá wo irin náà. Ó mì, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ kò fẹ́.

"Ẹ̀yìn ń dùn mí lónìí."

"Ẹ fọwọ́ tì í, sà."

"Ọwọ́ náà ń dùn mí."

Ní ọjọ́ Jímọ̀, wẹ́dà dé. Nígbà tó jó irin tuntun mọ́lẹ̀ tán, Bàbá ní kí wẹ́dà náà kọ́kọ́ fẹ̀yìn tì í. Wẹ́dà fẹ̀yìn tì í. Ìgbà náà ni Bàbá gòkè, tó fara balẹ̀ fẹ̀yìn ti irin, tó sì tẹ́ ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹnikẹ́ni kò ní já bọ́ nínú ilé yìí."

"Àmín!" ni Agnes wí.

"Àmín!" ni Nímọ́tà dáhùn láti ìsàlẹ̀. "Bàbá, ẹ máa bọ̀ nídìí kànga."