Fáìlì Tí Ẹ̀rọ Ń Béèrè

Ẹ̀rọ náà tún kọ̀. Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, ìlà funfun kan ṣoṣo sì yọ lórí rẹ̀: a kò rí fáìlì. Ìyàndá, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, pa á, ó tún un tàn. Ìlà kan náà ló tún yọ.

Lẹ́yìn rẹ̀, lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìgbẹ̀bí náà, Sùwéébátù dùbúlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di inú rẹ̀ mú. Láti ìdájí ni ọmọ inú rẹ̀ kò ti yíra mọ́. Nọ́ọ̀sì Títílọpẹ́, tó ni ilé ìgbẹ̀bí náà, ti gbé ìwo igi tí wọ́n fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ lé ikùn rẹ̀ títí.

"Mo ń gbọ́ nǹkan," ó ní, "àmọ́ mi ò mọ̀ bóyá ti ìyá ni tàbí ti ọmọ. Ìyàndá, sìkáànù yìí ni mo fẹ́ lò."

"Ó ti fẹ́ ṣe tán, mà."

"Ó ti fẹ́ ṣe tán láti ìgbà wo? Ṣé ẹ̀wà la gbé kaná ni?"

Bí ọkàn ọmọ bá ṣì ń lù, wọn yóò gbé obìnrin náà lọ bá dókítà ní Ìbàfò fún iṣẹ́ abẹ lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá lù mọ́, kò sí ẹni tí yóò la inú rẹ̀ lásán. Yínúsà, ọkọ rẹ̀, awakọ̀ kórópe, dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ní kí ó jókòó, kò jókòó.

Ìyàndá mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ náà. Káàdì sìkáànù inú kọ̀ǹpútà kì í ní ọgbọ́n kankan lórí nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Díráífà, ìyẹn ètò kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń bá a sọ̀rọ̀, ní láti wá fáìlì kan tí wọ́n ń pè ní fámúwíà, kí ó dà á sí i nínú, kí káàdì náà tó mọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún. Díráífà ń béèrè. Fáìlì kò sí.

Kò sí, nítorí pé Ìyàndá fúnra rẹ̀ ló pa á rẹ́ lánàá.

Kọ̀ǹpútà náà kàn ń falẹ̀ ni, nọ́ọ̀sì ní kí ó wá bá òun wò ó. Nígbà tó tàn án, orúkọ Àbúbákr yọ gàdàgbà sí i lójú: Àbúbákr, Ìfọ̀, ló tún mi tò. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà ni wọ́n ti jọ kọ́ṣẹ́. Ìyàndá ló kọ́kọ́ mọ nọ́ọ̀sì yìí. Òun ló mú Àbúbákr wá kí ó wá ran òun lọ́wọ́, Àbúbákr ló sì gba iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá pàdé lọ́nà, òkè ni Ìyàndá máa ń wò. Ó lè mú kí kọ̀ǹpútà náà yá láì ba nǹkan kan jẹ́, àmọ́ ojú rẹ̀ kò gba orúkọ yẹn. Ó fọ́máàtì gbogbo rẹ̀, ó pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, ó gbé sísítẹ́mù tuntun sí i, ó sì ń súfèé lọ sílé. Kò tilẹ̀ dán sìkáànù wò.

"Kí ló ṣe é gan-an?" Yínúsà béèrè.

"Ẹni tó ṣe é tẹ́lẹ̀ ló bà á jẹ́." Ọ̀rọ̀ náà yọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀, kò tilẹ̀ ní láti wá a.

"Àbúbákr?" Nọ́ọ̀sì yíjú sí i.

"Òun náà ni, mà."

Ìyàndá ti wá fáìlì náà káàkiri lórí fóònù, kò rí i. Ẹnì kan ṣoṣo ni yóò ní in lọ́wọ́. A kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí. Òwe náà sọ sí i lọ́kàn, inú sì bí i sí òwe náà pàápàá. Ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, kí ariwo lè bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ìyàndá?" Kíá ni Àbúbákr gbé fóònù. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Fámúwíà sìkáànù ilé nọ́ọ̀sì ní Mòwé, ṣé ó wà lọ́wọ́ ẹ?"

"O ti fọ́máàtì ẹ̀." Kì í ṣe ìbéèrè. Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé orúkọ mi dùn ẹ́ tó báyẹn ni?"

"Aboyún wà lórí bẹ́ẹ̀dì, Àbúbákr."

Ẹ̀rín náà tán. "Mò ń fi ránṣẹ́ báyìí."

Fáìlì dé. Ìyàndá gbé e síbi tó yẹ ẹ́, ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. A kò rí fáìlì. Fáìlì kúkú wà níbẹ̀! Ó tún sá jáde, ó tún pè.

"Má tàn án mọ́," Àbúbákr dá a lẹ́nu. "Díráífà yẹn ti máa ń yára jù. Kí kọ̀ǹpútà tó ṣí ibi tí fáìlì wà ló ti ń béèrè ẹ̀. Tí wọn ò bá ti dá a lóhùn, á bínú jókòó, kò ní béèrè mọ́. Jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ jí tán, yọ díráífà, kó o wá tún un pè wọlé."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Iná ara ẹ̀rọ ṣẹ́jú, ó sì dúró. Nọ́ọ̀sì já ọwọ́ sìkáànù gbà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ikùn Sùwéébátù. Òjìji ń yí lójú kọ̀ǹpútà. Láàárín òjìji náà, ohun kékeré kan ń sọ kúlúkúlú.

"Ó ń lù," nọ́ọ̀sì ní. "Kò yá tó bó ṣe yẹ, àmọ́ ó ń lù. Yínúsà, ọkọ̀!"

Wọ́n gbé e wọ kórópe. Nọ́ọ̀sì wọlé tì í. Kí Yínúsà tó gun ọkọ̀, ó sáré padà wá di ọwọ́ Ìyàndá mú.

"Bọ̀ọ̀dá Ìyàndá, ẹ ó jèrè iṣẹ́ ọwọ́ yín."

"Àmín."

"Ẹni tó ba ẹ̀rọ yìí jẹ́, tó fẹ́ pa mí lọ́mọ, Ọlọ́run má jẹ́ kó jẹun ọmọ."

"Àmín!" nọ́ọ̀sì dáhùn látinú ọkọ̀. Ètè Sùwéébátù náà mì.

Yínúsà kò tíì fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń dúró de àmín tirẹ̀. Ìyàndá la ẹnu, nǹkan kan kò jáde. Olúwatófúnmi ọmọ rẹ̀ ló ń rí, bó ṣe gbé báàgì kọ́ èjìká láàárọ̀ yẹn, tó ń dúró kí ọkọ̀ kọjá kí ó tó sọdá títì lọ sí iléèwé.

Ọkọ̀ náà lọ. Eruku rẹ̀ dìde, ó sì rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Yínúsà kò dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú àdúrà náà. Èpè náà kò ní í lọ bá Àbúbákr ní Ìfọ̀.