Òrùka Ibùdó Adágún

"Mo lá àlá kan lọ́sàn-án gangan, oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run." Báyìí ni Bàbá Búsàrí máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ kí ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀, ilẹ̀ á ṣú mọ́ yín lọ́wọ́, nítorí ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka orúkọ gbogbo ibùdó rélùwéè tó wà láàárín Ọ̀fà àti Jẹ́bà kí ó tó dé ibi tí oorun ti gbé e lọ. Ẹ jẹ́ kí n bá a sọ ọ́.

Ọdún márùndínlógójì ni Bàbá Búsàrí fi ṣe ọ̀gá ibùdó rélùwéè kí ó tó fẹ̀yìn tì, òfin kan sì wà tí kò yẹ̀ rí. Ojú irin kan ṣoṣo ló wà láyé ìgbà náà. Ọkọ̀ tó ń lọ, ọkọ̀ tó ń bọ̀, orí ẹ̀ náà ni. Nítorí náà, kí ọkọ̀ tó ṣí, ọ̀gá ibùdó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ ibùdó iwájú láago pé, "Ṣé ọ̀nà ṣí?" Bí wọ́n bá ní ó ṣí, yóò gbé òrùka irin ńlá kan fún awakọ̀. Awakọ̀ tí kò bá rí òrùka gbà, ibẹ̀ ni yóò dúró sí. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, bàbá á ní. Nígbà kan, ó dá ọkọ̀ tí ọ̀gágun kan wà nínú rẹ̀ dúró fún wákàtí méjì gbáko, torí pé ibùdó iwájú kò dáhùn. Ọ̀gágun pariwo, ó fẹsẹ̀ janlẹ̀. Bàbá ní, "Ẹ máa bínú lọ, sà. Ẹ̀yin kọ́ ni ibùdó iwájú." Ó ti sọ ìtàn yìí nínú ọgbà rẹ̀ títí, àwọn ẹja inú adágún ti mọ̀ ọ́n sórí.

Adágún ẹja ọ̀hún, ti Ìyá Sílífá, ìyàwó rẹ̀, ni. Òun ló gba àwọn tó gbẹ́ ẹ, òun ló ra ọmọ ẹja àrọ̀ sí i, òun náà ló gbin koríko tó tẹ́ rẹrẹ yí i ká, tó ń bẹ̀rẹ̀ fa èpò inú rẹ̀ lárààárọ̀. Bàbá wá ní ọkàn òun ń fà sí rélùwéè, òun fẹ́ ṣe kékeré kan sínú ọgbà. Wẹ́dà kan bá a jó irin pọ̀, ó ṣe ẹ́ńjìnnì tó tó ewúrẹ́. Bàbá ya àwòrán ọ̀nà rẹ̀ sórí ìwé fífẹ̀ kan: yóò gbéra ní ìdí máńgòrò, yóò la àárín koríko kọjá, yóò sì gba etí adágún. Ó kọ lẹ́tà sí alága ẹgbẹ́ onílé, wọ́n lu òǹtẹ̀ fún un. Ó kọ sí ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n lu òǹtẹ̀. Ó kọ sí ààfin. Ó kọ sí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, níbi tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni akọ̀wé. Nígbà tí òǹtẹ̀ pé mẹ́rin, ó gbé òòlù, ó kan èèkàn mọ́kànlá sínú koríko.

Ìyá Sílífá jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó rí èèkàn. Láti ọjọ́ náà, kò pe bàbá ní Àdìgún mọ́. Láti ogójì ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra, kò sí òwúrọ̀ kan tí kò kí i pé, "Ẹ káàárọ̀, Àdìgún." Ó wá di "Ẹ káàárọ̀, sà," bí ẹni ń kí tíṣà. Ó ń dun bàbá dé egungun. Síbẹ̀, ó ní òun kò mọ ohun tí òun ṣe. Òun tí òun gba òǹtẹ̀ mẹ́rin!

Lọ́jọ́ kẹrin, ó jẹ ẹ̀bà yó, ó na ara sórí àga lábẹ́ máńgòrò, ó fi àwòrán àti ìwé olóǹtẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bo ikùn, oorun sì gbé e lọ.

Nínú àlá, iṣẹ́ ti parí. Irin ń dán lórí koríko, ẹ́ńjìnnì ń rú èéfín wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bàbá wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, bọ́tìnnì pé, fìlà nìkan ni kò rí. Ó fun fèrè. Ẹ́ńjìnnì kò mira.

"Ó yá, máa lọ," ni bàbá wí.

"Òrùka dà?" ni ẹ́ńjìnnì dáhùn.

Pé ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀ kò ya bàbá lẹ́nu rárá. Ohun tó bí i nínú ni pé kò kí òun. "Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ nílé nìyẹn?"

"Ẹ káàsán, sà. Wẹ́dà ló tọ́ mi. Òrùka dà?"

Bàbá kó òǹtẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde. Ẹ́ńjìnnì ní òun kì í jẹ òǹtẹ̀, omi àti iná ni òun ń jẹ, kí bàbá lọ sí ọ́fíìsì.

Ọ́fíìsì léfòó lórí adágún. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, wọ́n kọ ọ́ sí pátákó iwájú rẹ̀ gàdàgbà pé: ILÉ-IṢẸ́ Ọ̀RỌ̀ OJÚ IRIN Ẹ̀YÌNKÙLÉ. Bí bàbá bá ti dé ẹnu ọ̀nà, atẹ́gùn á fẹ́, ọ́fíìsì á sún lọ sí òdìkejì. Akọ̀wé kan yọrí lójú fèrèsé. "Bàbá, òdìkejì lẹ ti máa wọlé o." Bàbá yí adágún ká lẹ́ẹ̀méje. Kò bínú, ibi tó ti ṣe ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀ jìnnà jù báyìí lọ. Lẹ́ẹ̀kẹjọ, ó dúró sójú kan, ọ́fíìsì fúnra rẹ̀ sì wá bá a. Ẹni tó bá ti bá ìjọba ṣiṣẹ́ rí á mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá pátápátá jókòó nínú, ó wọ kóòtù, ó so táì, igbákejì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wo àwòrán bàbá lọ, ó wò ó bọ̀. "Ẹ ti gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ koríko?"

"Koríko kẹ̀?"

"Ṣebí àwọn ló máa ru irin yín."

Koríko tó wà nílẹ̀ ọ́fíìsì bá dìde. Akọ̀wé wọn, èyí tó ga jù láàárín wọn, wú ikọ́ díẹ̀. "Àwa ti ṣe ìpàdé. A ò lòdì sí ìdàgbàsókè. Ohun tí à ń bèèrè kò ju pé kí wọ́n tẹ gbogbo wa pa bákan náà, kí wọ́n má ṣe ojúsàájú."

"Ọ̀rọ̀ yín tọ́," ni bàbá wí, ó sì bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ níkọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ díẹ̀.

Bó ṣe parí, ẹja àrọ̀ kan yọrí láti inú dúrọ́ọ̀, ó fi irùngbọ̀n mú bírò. "Ariwo fèrè yín ńkọ́? Àwọn ọmọ wa ń kàwé, wọ́n fẹ́ ṣe ìdánwò."

"Ìdánwò wo?"

"Ti ọbẹ̀ ata. Wọ́n ní gbogbo ẹni tó lọ ló ń yege, torí a ò rí ọ̀kan kó padà wálé rí."

Bàbá rántí ọbẹ̀ tó jẹ lọ́jọ́ Jímọ̀, ó wolẹ̀. Ó ṣèlérí pé òun yóò máa fun fèrè jẹ́jẹ́. Ẹja buwọ́ lùwé, ó sì ti dúrọ́ọ̀ mọ́ra rẹ̀.

"Ó wá ku tèmi," ni ọ̀gá wí. "Ẹ fi ìwé yín sílẹ̀, kí ẹ padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mẹ̀ẹ̀ẹ̀."

Ìwo méjì yọ lórí rẹ̀, irùngbọ̀n hù, ó di òbúkọ, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Igbákejì rẹ̀ náà di òbúkọ lójú ẹsẹ̀, torí kò yẹ kí igbákejì ṣe ohun tó yàtọ̀ sí ti ọ̀gá.

Bàbá tẹrí ba. "Ẹ kú oríire ìgbéga, sà."

Òbúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àwòrán náà. "Fáìlì yín ti ń lọ nìyẹn," ó wí, ó ń rún un lẹ́nu. "Yàrá mẹ́rin ló wà nínú mi. Yóò kọ́kọ́ dé ti àkọ́kọ́. Bí ìkejì bá ní ìbéèrè, wọ́n á dá a padà sẹ́nu, màá tún un jẹ. Ẹ rí i? Ó ti padà dé. Ẹ ò kọ ọjọ́ sí i."

Bàbá kọ ọjọ́ sí i. Nínú ọdún márùndínlógójì tó fi bá wọn ṣiṣẹ́, ẹnì kan kò tíì ṣàlàyé iṣẹ́ ìjọba fún un kó yé e tó báyìí. Òbúkọ jẹ àpọ̀jẹ títí, ìwé gba yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá, ó sì jáde lẹ́yìn, kóró mẹ́rin, òǹtẹ̀ wà lára ìkọ̀ọ̀kan. Bàbá dúpẹ́, ó dì wọ́n sínú áńkáṣíìfù, ó fi ìdùnnú gbé wọn lọ bá ẹ́ńjìnnì.

Ẹ́ńjìnnì wò ó tàánú-tàánú. "Ọ̀gá, ìwé yín pọ̀ lóòótọ́. Ibùdó iwájú ńkọ́? Ẹ ti bi wọ́n?"

Òun, ọ̀gá ibùdó, ló gbàgbé láti bèèrè ọ̀nà. Òun! Tẹlifóònù onígi tó ń lò láyé àtijọ́ ń so lórí máńgòrò, láàárín àwọn èso tó pọ́n. Ó já a, ó yí ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sétí.

"Ibùdó Adágún nìyí." Ohùn Ìyá Sílífá ni, ṣùgbọ́n bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀.

"Ibùdó Ìdí Máńgòrò ni. Ṣé ọ̀nà ṣí?"

"Ta ló ń bèèrè?"

"Èmi ni, Ìyá Sílífá. Ọkọ rẹ ni."

"Irọ́ ni. Ọkọ mi ló dá ọkọ̀ ọ̀gágun dúró fún wákàtí méjì. Ọkọ mi kì í rán ọkọ̀ wọ ibùdó ẹni ẹlẹ́ni láìbéèrè. Ẹ̀yin tí ẹ kan èèkàn mọ́kànlá tán kí ẹ tó pè, mi ò mọ̀ yín."

Bàbá gbójú sókè. Ìyàwó rẹ̀ nìyẹn láàárín adágún, ó jókòó lórí abọ́ tó dojú dé, omi kò kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Fìlà iṣẹ́ bàbá wà lórí rẹ̀, òrùka irin wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtìjú mú bàbá, omi sì lé ròrò sí i lójú.

"Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni lóòótọ́," ni ó wí, "orúkọ wo ni mo máa ń pè yín láàárọ̀?"

Bàbá mọ̀ ọ́n. Ó ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó la ẹnu láti sọ ọ́, ohun tó jáde ni, "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀." Ó tún gbìyànjú. "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀." Ó fọwọ́ kan orí, ó bá ìwo níbẹ̀.

"Mẹ̀ẹ̀ẹ̀" yìí náà ló jí i. Ewúrẹ́ aládùúgbò kan dúró tì í lábẹ́ máńgòrò, ó ń jẹ àwòrán lórí ikùn rẹ̀. Òǹtẹ̀ mẹ́ta ti wọlé, ìkẹrin ṣì so létè rẹ̀. Bàbá kò lé e. Ó kọ́kọ́ fọwọ́ pa orí ara rẹ̀ wò, ó dúpẹ́, ó sì dìde lọ fa èèkàn mọ́kọ̀ọ̀kànlá tu. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ojú ihò kọ̀ọ̀kan dí.

Ìyá Sílífá dúró létí adágún, ó ti sọ abọ́ oúnjẹ ẹja kalẹ̀, òṣùká tó fi rù ú ṣì wà lórí rẹ̀. Bàbá dúró níbi tí koríko ti bẹ̀rẹ̀, kò tẹ̀ ẹ́. Èèkàn wà lábíyá rẹ̀.

"Ìyá Sílífá," ni ó wí, "ṣé ọ̀nà ṣí?"

Obìnrin náà wo èèkàn, ó wo ọwọ́ bàbá tó kún fún erùpẹ̀, ó tún bu oúnjẹ, ó fọ́n ọn sómi. Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Lójú bàbá, wákàtí méjì ọ̀gágun yẹn kò tó o.

"Kò tíì ṣí," ó wí. "Ẹja ń jẹun lọ́wọ́." Ó ká òṣùká kúrò lórí, ó nà án sí i. "Ẹ bá mi mú èyí dání, kí ẹ dúró síbẹ̀ ná, Àdìgún."

Bàbá Búsàrí fi ọwọ́ méjèèjì gba òṣùká náà, ó sì dúró.