Koríko Ẹṣin Arúgbó

Ara Ìbíyẹmí ò balẹ̀ nínú ìsìn. Òun ló ń bá obìnrin kan, Rosemary, tọ́jú àwọn ẹṣin rẹ̀ ní Dagenham, ní London. Láàárọ̀ yẹn, kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi koríko gbígbẹ sínú àwọ̀n olójú kékeré, kí àwọn ẹṣin má baà tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹrẹ̀ nínú òtútù yìí. Àmọ́ báwo ni abo ẹṣin arúgbó tí eyín rẹ̀ ti ká ṣe máa fà á yọ? Kí ìwàásù tó parí, ó ti wọ bọ́ọ̀sì tòun ti sùtánà.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹṣin, kò sí koríko nínú ẹrẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọ̀n lásán ni arúgbó náà ń lá.

"Má bínú, ìyá mi," ló sọ fún ẹṣin náà.

Ó tú koríko náà sínú ike ńlá kan. Ẹṣin ki ẹnu bọ̀ ọ́, kò sì dà á nù. Síbẹ̀, Ìbíyẹmí dúró tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán.