Irun Kan Nínú Àga Bàámi

Bàámi fẹ́ràn àga ìgẹrun wọn ju èmi lọ, n ò sì purọ́ mọ́ wọn. Iṣẹ́ onígbàjámọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Tí wọ́n bá ti fẹsẹ̀ tẹ irin ìdí àga náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, oníbàárà tó sanra jù lọ á gbéra sókè wẹ́rẹ́. "Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni mo fi ń gbé wọn," ni wọ́n máa ń wí, bíi pé kì í ṣe ọ́ìlì inú àga ló ń gbé wọn.

Èmi ọmọ wọn obìnrin, tí mò ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì, ni mo wá fìdí rẹmi nínú ìdánwò agbára omi àti ọ́ìlì. Ìbéèrè kan ló pa mí: kí ló dé tí jáàkì tó gbé ẹrù dúró fi máa ń rọra sọ̀kalẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án? Mo kọ ìṣirò kún ojú ìwé méjì, n ò dáhùn ìbéèrè. Olùkọ́ wa, tí a sọ ní Kí-Nìdí nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í béèrè ìdí rẹ̀, fún mi ní òdo. (Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní "ó", inú ṣì ń bí mi.) Ọjọ́ Ajé ni yóò tún bi mí lójúkojú. Tí mo bá kùnà, màá tún ọdún kan gbáko ṣe. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Nítorí náà, láàárọ̀ Sátidé, kí Bàámi tó dé ṣọ́ọ̀bù, mo tú ìdí àga wọn láti wo bí ọ́ìlì ṣe ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nítorí bíi ti jáàkì náà ló rí. Mo rí píṣítọ̀nì méjì, irin tó ń ti ọ́ìlì: kékeré tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, àti ńlá tó ń gbé ìjókòó. Láàárín wọn ni bọ́ọ̀lù irin kan wà, kò tó ẹ̀wà, òun ni fáàfù tó ń dí ọ̀nà kí ọ́ìlì má baà padà. Mo tò ó padà, inú mi sì dùn.

Bàámi dé, oníbàárà tó sì kọ́kọ́ wọlé ni ẹni à ń wí, Kí-Nìdí fúnra rẹ̀. Mo he ìgbálẹ̀, mo kọjú sógiri.

Bàámi fi àga gbé e sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò pẹ́, wọ́n tẹ orí ba. Nígbà tó yá, wọ́n ká ẹ̀yìn kò. Nígbà tó tún yá, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀.

"Àga yìí ń lọọlẹ̀ ni, àbí èmi ni mò ń ga sí i?" Bàámi béèrè.

Orúnkún Kí-Nìdí ti ń wá àgbọ̀n rẹ̀ lọ. Apá kan orí rẹ̀ ti mọ́, ìkejì ṣì wà bí igbó. Ó rí mi nínú jígí.

"Ìwọ! Kí nìdí?"

"Ọ́ìlì ló ń padà, sà. Bọ́ọ̀lù fáàfù ò dí ọ̀nà dáadáa."

"Kí nìdí?"

"Nǹkan há sábẹ́ rẹ̀."

"Kí nìdí tó fi há?"

"Èmi ni mo tú u láàárọ̀, sà. N ò kọ́kọ́ gbálẹ̀."

"O tú àga tèmi?" Bàámi pariwo.

Kí-Nìdí dìde tòun taṣọ lọ́rùn. "Tún un tú. Níṣojú mi."

Mo da ọ́ìlì sínú abọ́, mo sì gbé bọ́ọ̀lù náà kúrò. Irun kan ló wà lábẹ́ rẹ̀. Mo gbé e sójú ìmọ́lẹ̀: ìdajì dúdú kirikiri, ìdajì funfun báláú.

Mo mọ irun yẹn. Oníbàárà kan ṣoṣo ni Bàámi máa ń pa irun láró fún lẹ́yìn aṣọ ìkélé, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún mi pé ohun tí onígbàjámọ̀ bá rí lórí ènìyàn, inú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbé. Bàámi wúkọ́. Kí-Nìdí wo irun náà, ó wo jígí.

"Irun ta ni?" Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ ju àga lọ.

Òun tó fún mi ní òdo! Orúkọ rẹ̀ ti dé orí ahọ́n mi. Mo gbé e mì.

"Ìyẹn ò sí nínú ohun tí ẹ kọ́ wa, sà."

Mo nu gbogbo rẹ̀, mo tò ó, mo da ọ́ìlì padà. Bàámi tẹ irin lẹ́ẹ̀mẹ́ta pẹ̀lú Kí-Nìdí lórí àga. Ó gòkè, ó dúró. Wọ́n gẹ apá kejì tán láìtẹ orí ba.

Ní ẹnu ọ̀nà, Kí-Nìdí yíjú padà.

"Má wulẹ̀ wá lọ́jọ́ Ajé. O ti dáhùn, o ti yege." Ó dé fìlà rẹ̀ wọ etí. "Má sì bi mí pé kí nìdí."