Ojú Sidsel Lára Gbogbo Ògiri

Ní Kopenhagen, ta ni kò mọ Krijn Ruysbeek, ayàwòrán ọba? Bí kò bá rí ẹni tí yóò yìn ín, á yin ara rẹ̀. Láti Họ́láńdì ló ti wá, tòun ti àpótí ọ̀dà kan àti ẹnu tó tóbi ju àpótí náà lọ.

Maren, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń di irun fún àwọn obìnrin ààfin, ló sọ fún wa bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ruysbeek kì í wo ẹni tó ń yà. Àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ti ya ara obìnrin sílẹ̀, wọ́n tò ó ti ògiri: aṣọ sílíìkì, ọwọ́ funfun, ọrùn gígùn, gbogbo wọn láìlórí. Bí ìyáàfin kan bá dé, á fa ara kan yọ, á gbé orí lé e. Ojú kan náà ló sì ń fún gbogbo orí.

Sidsel ló ni ojú náà. Òun ni àlè ọba nígbà yẹn, ojú rẹ̀ sì máa ń rọ̀ bíi ti ẹni tí oorun ń kùn. Nítorí ọba fẹ́ràn rẹ̀, Ruysbeek pín in fún ìyàwó balógun, fún ọmọ bíṣọ́ọ̀bù, títí dé orí ìyá ọba, arúgbó kùjọ́kùjọ́.

"Màmá ọba ní àwọn ò mọ̀ pé àwọn ṣì rẹwà tó báyìí," Maren wí. "Èmi tí mò ń to irun mẹ́ta tó kù sórí wọn, mo dákẹ́ ni tèmi."

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí Ruysbeek ń wá: kí ọba fi idà kàn án léjìká, kó sọ ọ́ di ìjòyè. Ó tilẹ̀ ti ra bẹ́líìtì idà sílẹ̀.

Àfi bí ọba ṣe lé Sidsel, tó mú Birgitte, obìnrin tí ojú rẹ̀ là kedere bíi ti ológbò. Birgitte rin gbọ̀ngàn àwòrán já.

"Ṣé obìnrin kan péré ló wà nílùú yìí ni?" ló bi ọba léèrè.

Ọba ní kí Ruysbeek ya Birgitte. Bí àwòrán náà bá tẹ́ Birgitte lọ́rùn, oyè ti dé.

Ruysbeek yà á, ó ha á kúrò, ó tún un yà. Ìpéǹpéjú inú àwòrán ṣáà ń wálẹ̀ bíi ti Sidsel. Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ojú mìíràn mọ́.

"Ọ̀gá Krijn, ẹ wò mí," Birgitte wí.

"Mò ń wò yín, ìyáàfin."

"Àwòrán tẹ́ ẹ̀ ń kùn lẹ̀ ń wò. Èmi rèé níbí." Ó dìde. "Ẹ lọ ya Bamse, ajá ọba. Bó bá jọ ajá, màá tún jókòó fún yín."

Ó ya Bamse. Etí pé, ìrù pé. Wọ́n ṣí àwòrán náà nígbà tí wọ́n ń jẹ ẹja lọ́wọ́. Ọba dìde tòun ti ife bíà lọ́wọ́, ó dúró síwájú àwòrán ajá náà, ó wò ó, wò ó.

"Sidsel," ó wí jẹ́ẹ́.

Birgitte gbé ọ̀bẹ rẹ̀ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ruysbeek ṣebí ìyìn ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó bọ́ síwájú, ó tún bẹ́líìtì rẹ̀ ṣe, ó fi orúnkún kan kúnlẹ̀, ó gbé èjìká kalẹ̀ de idà.

"Kí ló sọ nù tó ń wá nílẹ̀?" Birgitte wí.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹja gbé e padà sí Haarlem ní Họ́láńdì. Ó ní òtútù ìlú wa ni kò jẹ́ kí ọ̀dà òun gbẹ dáadáa.

Àwòrán Bamse ṣì wà ní yàrá ọba. Bí Birgitte bá wọlé, á dojú àwòrán náà kọ ògiri. Bó bá jáde, ọba á tún un yí padà.